Háńgà Tí Kò Láṣọ Lọ́rùn

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: háńgà mélòó ló wà nílé wa tí kò láṣọ lọ́rùn? Bí a bá ti gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀, háńgà wáyà a tún bá a wálé. A ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a ó ní yóò wúlò lọ́jọ́ kan.

Àìfi-nǹkan-ṣòfò dára. Ní Ìsàn wa níbí, tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, ìkòkò tó fọ́ pàápàá kì í ṣe ohun ìdànù. Àpáàdì rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń fọnná nílé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àpáàdì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni háńgà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ń ṣe?

Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó, tí a tẹ̀ jáde ní 1760, John Wesley kọ́ni pé ìfipamọ́ kò tíì pé bí kò bá yọrí sí fífúnni.

Nítorí náà, kí a ka háńgà wa, kí a fi èyí tó tó aṣọ wa sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ télọ̀ nílò ìyókù. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kó èyí tó dípẹtà fún un, kí a wá fi èyí tó dára pamọ́. Ìpẹtà yóò ba aṣọ funfun jẹ́, oníbàárà yóò sì di ẹ̀bi rù ú. Ohun tí a kò lè fi kọ́ aṣọ tiwa, ẹ má jẹ́ kí a pè é ní ọrẹ.

Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, aṣọ tó rán ni àwọn opó fi han Pétérù, kì í ṣe èyí tó kó pamọ́.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.