Ariwo Ọ̀kadà àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò: Mítà Wo Ló Wà ní Igangan?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fún ojú ní ìpéǹpéjú tí a lè fi pa á dé, ṣùgbọ́n tí kò fún etí ní ìdérí kankan. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ní ìlú wa Igangan, bí ó ti rí ní Tápà, Ayétẹ̀ àti Igbó-Ọrà, ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ wa. Òun ni a fi ń lọ oko, òun ni a fi ń kó ẹ̀gẹ́ wálé, òun náà ni a fi ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. A kò bá ọ̀kadà jà. Ohun tí a ń bá wí ni àṣà àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń gbé sáílẹ́ńsà lọ bá wẹ́dà pé kí ó gé inú rẹ̀ dànù, kí ọ̀kadà àwọn lè máa bú ramúramù bí kìnnìún.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kéú lọ́dọ̀ wa ra ọ̀kadà àlòkù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà fi gé inú sáílẹ́ńsà rẹ̀. Nígbà tí a pè é, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àfáà, ẹ má bínú. Owó mi ni mo fi rà á, n kò jí i. Ibo ló wà nínú Alùkùráánì pé sáílẹ́ńsà kò gbọdọ̀ dún?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, a kò sì fẹ́ fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń bèèrè gan-an ni pé: ibo ni ẹ̀tọ́ mi lórí ohun tí mo ní parí sí, ibo sì ni ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí sáílẹ́ńsà ń ṣe. Nígbà tí epo bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín gbígbóná a fi agbára tú jáde, a sì dún bí ìbọn kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3,000 ni èéfín ń bú jáde láàárín ìṣẹ́jú náà, ìyẹn ni ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Yàrá kéékèèké àti páìpù oníhò tó wà nínú sáílẹ́ńsà ni wọ́n ń gba agbára yẹn mọ́ra, tí ìró fi ń rẹlẹ̀ kí ó tó dé ìta. Ẹni tí ó bá gé wọn dànù rò pé òun ti rí eré sí i. Rárá o! Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti bá sáílẹ́ńsà rẹ̀ wọn ọ́n pọ̀. Ariwo ni gígé náà ń fi kún ju eré lọ, etí ẹni tó ń gùn ún ni ó sì kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ariwo tó dé 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ léwu fún etí.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ó yẹ kí a fi ariwo sílẹ̀ fún, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sá eré ìje ni. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, orí ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún un ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹ wo Lime Rock, pápá eré ọkọ̀ kan ní Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1959, àwọn ará àdúgbò gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n má sá eré níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú mọ́. Ní Laguna Seca ní Kalifọ́níà, mítà tí ń wọn ariwo wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ariwo ọkọ̀ kan bá kọjá nǹkan bíi 90 tàbí 92 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wọn a na àsíá dúdú sí awakọ̀ náà kí ó jáde, ì báà jẹ́ pé òun ló wà níwájú. Nítorí náà, ẹni tó ti ná owó gọbọi lórí sáílẹ́ńsà aláriwo tún ń ná owó mìíràn láti fi sáílẹ́ńsà kejì kún un.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tí àwọn awakọ̀ kan ń dá. Wọn a tẹ ẹnu páìpù náà kí ó kọ ẹ̀yìn sí mítà. Mítà a ka iye tó kéré, àsíá dúdú kò ní jáde, ṣùgbọ́n ariwo náà kò dín. Apá ibòmíràn ni wọ́n kàn darí rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó pa ariwo rẹ̀ mọ́ nítorí mítà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó pa á mọ́ nítorí aládùúgbò. Ẹni àkọ́kọ́ yóò máa wá ibi tí mítà kò sí. Ìjọba àpapọ̀ wa ṣe ìlànà lórí ariwo ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ta ló dúró ní oríta Igangan tòun ti mítà lọ́wọ́? Kò sí. Ǹjẹ́ nítorí pé kò sí mítà, ṣé kò sí òṣùwọ̀n náà ni?

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe àpèjúwe kan tó wà nínú àkójọ Bukhari. Àwọn ènìyàn kan ṣẹ́ gègé lórí ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan bọ́ sí òkè, àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ti òkè kọjá láti pọn omi. Wọ́n wá rò ó pé kí àwọn kúkú lu ihò sí apá tàwọn, kí àwọn má baà máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí a bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là.

Ẹ kíyè sí i pé apá tiwọn ni wọ́n fẹ́ lu, wọn kò sì ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo kò mọ ọgbà. Owó rẹ lo fi ra ọ̀kadà lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò ra etí ìyá arúgbó tó wà lójú ọ̀nà. O kò ra oorun ọmọ ìkókó. Nínú Súrà Lùkúmánù, ẹsẹ 19, bàbá náà kọ́ ọmọ rẹ̀ láti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ohùn tó burú. Bí a bá ní kí ènìyàn rẹ ohùn ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀, mélòó mélòó ni ti ẹ́ńjìnnì!

Ní ti àwa ará Igangan, ọ̀rọ̀ yìí tún ju oorun lọ. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú wa, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígangan. Ẹni tó bá gbọ́ ìró ìbọn lóru ọjọ́ náà kò lè tètè gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kadà tí a gé inú sáílẹ́ńsà rẹ̀ bá wá ń yìn gbàù gbàù ní aago mọ́kànlá òru, eré ni lójú ẹni tó ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀ pé eré ni. Hàdíìsì sì kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ibi rẹ̀ kò pé. Mítà Igangan nìyẹn: àyà aládùúgbò.

Nígbà tí a sọ báyìí tán, ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Àfáà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ̀kan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí ńkọ́?"

A kò lè purọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá wa. Ní ọdún 2016, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti àwọn ilé ìjọsìn pa nítorí ariwo, ṣọ́ọ̀ṣì 70 ni wọ́n kà, mọ́sálásí 20 sì wà níbẹ̀. Ìrun pípè ní àkókò rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n wáásí wákàtí méjì tí a kọjú rẹ̀ síta, nígbà tó jẹ́ pé inú mọ́sálásí ni àwọn olùgbọ́ jókòó sí, kí ni a fẹ́ pè é? Ànábì gbọ́ àwọn tó ń ké Alùkùráánì sókè nínú mọ́sálásí, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi ohùn ni ara wọn lára. Bí kíké Alùkùráánì bá ní òṣùwọ̀n, kò sí ariwo tí kò ní.

A jọ dé àdéhùn. Àwa yóò máa pa ẹ̀rọ tó kọjú síta bí a bá ti pe ìrun tán, wáásí yóò sì máa wà nínú ilé. Òun náà yóò ra sáílẹ́ńsà mìíràn. Ó gbà á ní oṣù méjì kí owó rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì náà, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, bí ó bá ti dé ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò lálẹ́, a pa ẹ́ńjìnnì, a sì ti ọ̀kadà rẹ̀ délé. Ọmọ náà ti ní mítà láyà.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́, a sì ti ara wa bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa rí ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí Ó sì fi àlàáfíà sí òru Igangan àti gbogbo Ìbàràpá. Àmín.