Wọ́n Ti Rí Ìdí Òkun

A kì í rí ìdí òkun, a kì í rí ìdí ọ̀sà. Báyìí làwọn àgbà wa ṣe máa ń wúre nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí àṣírí èèyàn wà ní bíbò. Ìwúre náà ṣì dùn létí, àmọ́ ìdí òkun ti di ohun tí wọ́n ń fi kámẹ́rà yà. Láàárín Hawaii àti Mẹ́síkò, nísàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Clarion-Clipperton. Ó ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, omi tó sì bò ó jìn tó kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún àbọ̀. Oòrùn ò dé ibẹ̀ rí. Òkúta dúdú dúdú tó rí bí ọ̀dùnkún ló kún ilẹ̀ ibẹ̀ lọ súà.

Challenger, ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rìn kiri ayé láti 1872 sí 1876, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fa irú òkúta yìí jáde kí àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Manganese ló pọ̀ nínú ẹ̀, nickel, bàbà àti cobalt náà wà níbẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà gan-an ló yà wá lẹ́nu. Eyín ẹja tàbí àfọ́kù ìkarahun kan á rì sísàlẹ̀, ohun tó wà nínú omi á máa lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, mìlímítà bíi mélòó kan ní mílíọ̀nù ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: mílíọ̀nù ọdún kan. Èyí tó tó ọ̀dùnkún lónìí ti wà níbẹ̀ kí èèyàn kankan tó dáyé.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi òkúta inú ẹrẹ̀ ṣe? Bátìrì ni. Cobalt máa ń wà nínú bátìrì fóònù, irú èyí tí ẹ fi ń ka àpilẹ̀kọ yìí, nickel sì wà nínú bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Àwọn ẹnjiníà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń rìn nísàlẹ̀ òkun bíi katakata, tó ń fa òkúta àti ẹrẹ̀ pa pọ̀. Ní 2021, ọ̀kan nínú wọn, Patania II, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 25, já kúrò lára okùn ẹ̀ nínú ibú, ó sì gbà wọ́n lọ́jọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí i fà jáde. Iṣẹ́ náà le, àmọ́ kò kọjá agbára wọn mọ́. Ohun tó kù báyìí kì í ṣe ìbéèrè ẹnjiníà: ta ló ní kí wọ́n kó o?

Ní 1967, Arvid Pardo, aṣojú orílẹ̀-èdè Malta, dìde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní kí wọ́n sọ ilẹ̀ abẹ́ òkun tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan di ogún àjùmọ̀ní gbogbo ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọnú òfin òkun ti 1982, àjọ tó ń bójú tó o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, ní Kingston, Jàmáíkà.

Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ èyí lọ́dọ̀ lọ́yà. Ilẹ̀ ẹbí ni. Olóyè kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ṣàlàyé ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1912: ẹbí rẹpẹtẹ ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àìmọye ni a ò tíì bí. (Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ta plọ́ọ̀tì kan fún èèyàn mẹ́ta náà mọ òfin yìí o, wọ́n kàn mójú kúrò ni.)

Àmọ́ "ti gbogbo wa ni" ṣeé gbọ́ lọ́nà méjì. Ẹnì kan lè gbọ́ ọ pé ẹ wá, ká jọ pín in. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Òfin 1982 fàyè gba méjèèjì. Àjọ Kingston ti fún àwọn kan níwèé àṣẹ láti yẹ ibẹ̀ wò, ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà fúnra ẹ̀ ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí, orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 sì ti ní ká dá a dúró ná. Ní oṣù kẹrin 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ pé kí ìjọba Amẹ́ríkà yára fún àwọn ilé iṣẹ́ níwèé àṣẹ tiwọn. Amẹ́ríkà ò sí lára àwọn tó gba òfin 1982 wọlé. Lójú tiwa, ẹni tí kò wá sípàdé ẹbí ló ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ yẹn.

Àwọn tó fẹ́ wà á máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Lóòótọ́, kò séèyàn. Ṣùgbọ́n ní 2023, Muriel Rabone ti Natural History Museum ní London àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó gbogbo àkọsílẹ̀ ohun abẹ̀mí tí wọ́n ti rí ní pápá náà jọ. Ó tó irú 5,578, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni sáyẹ́ǹsì ò sì tíì fún lórúkọ. Nínú ibú míì tí irú òkúta yìí wà, nítòsí Peru, àwọn onímọ̀ rí ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tí òyìnbó ń pè ní octopus. Ara igi kànìnkànìn òkun tó ti kú ni ìyá ń yé ẹyin sí, ó sì ń ṣọ́ ọ. Kànìnkànìn yìí ò lè dúró nínú ẹrẹ̀, orí òkúta ló ti ń hù. Ẹ kó òkúta yẹn lọ, ìyá ò ríbi yé ẹyin mọ́.

Pé ohun kan ò tíì lórúkọ kò sọ ọ́ di ohun tí kò sí. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó máa ní ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ọmọ.

Àlàyé wọn kejì le ju ìyẹn lọ, a ò sì fẹ́ fò ó. Bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá cobalt ayé ló ń wá láti Kóńgò, láti agbègbè bíi Kolwezi. Àwọn kan níbẹ̀ ń fọwọ́ gbẹ́ ihò, àwọn ọmọdé wà lára wọn, ihò náà sì máa ń ya lù wọ́n. Ṣé ẹ̀mí octopus wá ju ti ọmọ Kóńgò lọ ni? Ẹni tó bá bi wá báyìí, a ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ṣùgbọ́n ta ló ṣèlérí pé ọjọ́ tí òkúta inú òkun bá dé èbúté ni ọmọ náà máa wọ ilé ìwé? Tí ọjà bá kún, tí owó cobalt wálẹ̀, bàbá ẹ̀ lè gbẹ́ ìlọ́po méjì kó tó rí owó àná, tàbí kíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Ihò tí kò ní ya lu èèyàn, owó ọ̀yà tó jọjú, ilé ìwé: gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bọ́ sínú òkun. Àwọn tó ń fi ìyà ọmọ yìí tọrọ ìwé àṣẹ ò tíì bi bàbá ẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́.

A mọ̀ pé ìdúró náà lówó tiẹ̀, nítorí èéfín epo ò dúró. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì náà ò jókòó. John Goodenough àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Oxford ló gbé cobalt wọ bátìrì lithium ní 1980. Bàbá yìí kan náà, ní Texas, wà lára àwọn tó fi irin àti phosphate rọ́pò ẹ̀ ní 1997. (Ẹni ọdún 97 ni nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ ti lọ.) Lónìí, bíi ìdajì bátìrì ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń tà láyé ni kò ní cobalt tàbí nickel rárá. Ní 2024, Microsoft àti ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan fi kọ̀ǹpútà ṣa èròjà bátìrì mílíọ̀nù 32 títí ó fi ku 18, ọ̀sẹ̀ kan ò pé. Lithium ni wọ́n fẹ́ dín kù, kì í ṣe cobalt, a ò sì sọ pé kọ̀ǹpútà ló máa gbà wá. Àmọ́ ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe aláìní lọ́dún yìí lè di ohun tẹ́nikẹ́ni ò wá mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

A ò tiẹ̀ tíì mọ iṣẹ́ tí òkúta yẹn ń ṣe níbi tó wà. Ní 2024, Andrew Sweetman àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ pé ó jọ pé oxygen ń jáde láti ara ẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri. The Metals Company, tó fẹ́ wa òkúta náà, san lára owó ìwádìí yẹn. Nígbà tí èsì jáde, ilé iṣẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn náà sì ta kò ó. Wọ́n ṣì ń bá a fà.

Èyí tí wọn ò jiyàn lé lórí ni ti 1979. Lọ́dún náà, ẹ̀rọ ìwakùsà kan lọ dánra wò ní Clarion-Clipperton, ó rìn nínú ẹrẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fà á gòkè padà. Ní 2023, àwọn onímọ̀ láti National Oceanography Centre ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà lọ wo ibẹ̀, èsì wọn sì jáde ní 2025. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan ti ń padà síbẹ̀. Àwọn ńláńlá tó máa ń dúró sójú kan ò tíì fi bẹ́ẹ̀ padà. Ipa ẹ̀rọ náà ṣì wà nílẹ̀ bí ipa táyà lẹ́yìn òjò, ọdún 44 lẹ́yìn tó kọjá.