Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fetí Sílẹ̀

Ẹ kà: 1 Kọ́ríńtì 9:19–23

Màmá ń lo Windows, ọmọkùnrin wọn ń lo Linux, àbúrò rẹ̀ gbé Mac dé láti yunifásítì. Wáìfáì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Màmá fẹ́ wo fọ́tò ìsìnkú Bàbá Àgbà tó wà nínú fódà kan lórí Linux: Windows á ní kí wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á ní kò tọ̀nà. Wọ́n á tún un tẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ wá, òun náà á fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ èyí tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láràárọ̀, pàbó ni. Ibẹ̀ ni ẹnìkan á ti sọ pé, "Ṣebí mo ti sọ pé Linux yín yìí ò bá ti ẹnikẹ́ni mu."

Páásíwọ́ọ̀dù náà tọ̀nà. Linux mọ̀ ọ́n. Samba, ètò tó ń bá Windows sọ̀rọ̀ lórúkọ Linux, ni kò mọ̀ ọ́n. Samba ní ìwé orúkọ tirẹ̀, àfi kéèyàn fi àṣẹ smbpasswd -a kọ orúkọ ọmọ náà sí i, kó sì yan páásíwọ́ọ̀dù fún un níbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á di àlejò lórí ohun ìní ara rẹ̀.

Bí Samba ṣe dé ló yẹ ká ronú lé lówùúrọ̀ yìí. Ní ìparí 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ kan nílùú Canberra ní Ọsirélíà, ń wá bí kọ̀ǹpútà DOS rẹ̀ ṣe máa rí fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ Unix. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó ṣàlàyé SMB, èdè tí DOS ń sọ láti fi pín fáìlì. Ló bá kọ ètò kan tó ń wo gbogbo ohun tó ń gba orí wáyà kọjá. Nígbà tó ń ròyìn irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn náà, ó fi wé ẹni tó wọ ilé oúnjẹ àwọn Faransé láìgbọ́ èdè wọn: ó jókòó, ó ń gbọ́ ohun tí oníbàárà béèrè, ó ń wo àwo tí wọ́n gbé fún un, títí òun náà fi lè béèrè tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a yí ohunkóhun padà ní ìhà kejì. Pọ́ọ̀lù náà rìn lọ́nà yìí. Òun tó lómìnira ló lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà. Kò ní kí wọ́n wá pàdé òun lágbedeméjì. Ká sòótọ́, àdúrà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lórí ọkọ, aya, àna tàbí ọmọ ni pé kí Ọlọ́run yí onítọ̀hún lọ́kàn padà. A ò tíì jókòó gbọ́ ohun tó ń béèrè. Kódà Apple, tí kì í fẹ́ gba tẹnìkan, fi AFP, èdè tirẹ̀ fún pípín fáìlì, sẹ́yìn ní 2013, ó sì fi SMB2, ẹ̀dà SMB tó tuntun ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣáájú lórí Mac.

Ṣùgbọ́n ẹ má fo ẹsẹ 21. Pọ́ọ̀lù pààlà síbẹ̀: bó ṣe ń bá àwọn tí kò ní òfin rìn, abẹ́ òfin Kristi ló wà. Ó yẹ kí ààlà wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ní oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry gba inú àléébù kan nínú SMB1, ẹ̀dà àtijọ́ èdè náà, wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ó ti fáìlì pa, ó ń béèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba wà lára àwọn tó kàn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1 kúrò nínú Windows 10 tuntun. Bí dísìkì àtijọ́ inú ilé yín, tó jẹ́ SMB1 nìkan ló gbọ́, bá wá kọ̀ láti ṣí, ẹnìkan á gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ tan SMB1 padà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ bá a wá ètò tuntun, tàbí kẹ́ ẹ kó fáìlì kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe lónìí: Ẹ wò ó bóyá Public ni Windows yín pe wáìfáì ilé, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ yòókù rí i. Private ni kẹ́ ẹ yàn, nílé nìkan o, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ ti ń bá fa ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ẹ má já a lẹ́nu.

Àdúrà: Baba, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Jẹ́ kí n gbọ́ èdè ẹni tí mò ń pè ní alágídí, kí n sì mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ní títì. Ní orúkọ Jésù. Àmín.