Ta Ló Gbẹ́sẹ̀, Ta Ló Sọ Ọ́ Kalẹ̀?

Etíkun Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kì í bá ẹ́dítà purọ́. Oníjó á fò, kámẹ́rà á yà á. Wọ́n á ní kó tún un fò kí wọ́n lè yà á láti apá kejì, ṣùgbọ́n iyanrìn ti gba ojú ẹsẹ̀. Òjìji tó nà sí ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀ ti yí sí ìlà-oòrùn nírọ̀lẹ́. Bí kámẹ́rà bá ṣèèṣì rékọjá sí òdìkejì, oníjó tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ á dà bí ẹni tó ń padà sí Ajah. Ẹni tó bá sì ya ìbẹ̀rẹ̀ ijó níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó wá ya ìyókù lónìí, ilé-ìfọpo Dangote àti èbúté tí wọ́n ṣí ní 2023 á ti yọ lẹ́yìn oníjó rẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ sí níkàáwọ́ ẹ́dítà mọ́.

Kí ọ̀nà oníjó má baà yí padà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onífíìmù ṣe ń fojú inú fa ìlà kan tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ kọjá. Ìlà yẹn bá ilé tíátà mu, níbi tí gbogbo olùwòran ti jókòó sápá kan. Nínú agbo ijó wa, ẹni ẹ̀yìn ló rí ìbàdí, ẹni iwájú ló rí ojú. Àwọn méjèèjì á délé, wọ́n á sì jọ ròyìn ijó kan ṣoṣo. Ìlù ló so ó pọ̀ fún wọn.

Bí kò bá wá sí ìlù ńkọ́? Ní 1945, ní Amẹ́ríkà, onífíìmù Maya Deren ya oníjó Talley Beatty nínú A Study in Choreography for Camera, fíìmù kúkúrú tí kò ní ohùn rárá. Beatty gbẹ́sẹ̀ nínú igbó. Inú yàrá ni ẹsẹ̀ náà balẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó rin ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì, ojú àwa olùwòran ló rìn ín. Nítorí pé ìṣísẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, tó sì parí, a gbà láìjanpata pé ẹnì kan náà ni.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ janpata. Ara ni ìṣísẹ̀ tó bára mu fi hàn wá. Kò fi ẹni tó ń jó hàn. Bí òrìṣà bá gun ẹlẹ́gùn Ṣàngó lágbo, apá kò yí, ẹsẹ̀ kò yí, òógùn tó wà lójú rẹ̀ kò gbẹ. Síbẹ̀ àwọn tó yí i ká kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Káwòó Kábíyèsí ni wọ́n ń kí. Kámẹ́rà tó ń yà á lọ láìdúró kò lè rí ibi tí ẹnì kan ti lọ, tí ẹlòmíràn dé.

Deren fúnra rẹ̀ bá ọ̀ràn yìí pàdé. Ní 1947 ó lọ sí Haiti, ó ya ijó àwọn ẹlẹ́sìn Vodou, níbi tí Ògún ṣì ń gun ènìyàn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Divine Horsemen, jáde ní 1953, ṣùgbọ́n ó kú ní 1961 láìparí fíìmù náà. Àwọn mìíràn ló tò ó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo ló dá a dúró. Àmọ́ ká ní èmi ni wọ́n gbé fíìmù náà fún, n kò ní gé e níbi tí ẹsẹ̀ ti balẹ̀. Ibi tí ìkíni ti yí padà ni ǹ bá gé e, ìyẹn sì wà lẹ́nu àwọn tó dúró wòran, kò sí lára oníjó.