ORIN ẸNU IṢẸ́

Kà: Oníwàásù 3:9-13, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:22-37
Àkọ́sórí: Oníwàásù 3:13

Olùfẹ́, bí o ti ń ka ìwé yìí láàárọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ ti wà ní ibùdókọ̀. Bí o bá ń gbé ní Mushin, tí ibi iṣẹ́ rẹ sì wà ní Erékùṣù Èkó, o mọ̀ pé bí aago márùn-ún òwúrọ̀ bá kọjá kí o tó jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń dúró dè ọ́. Ẹlòmíràn kì í wọlé padà kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: wákàtí 16 nìyẹn. Wákàtí 8 tó kù ni oorun, ìwẹ̀, oúnjẹ àti ọmọ yóò jọ pín. Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo gan-an ni o ń gbé ayé rẹ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dáhùn láìmọ̀. "Bí mo bá kọ́lé tán, ìgbà yẹn ni màá jayé." "Ọjọ́ Ìsinmi ni ti Ọlọ́run. Mọ́ńdè dé Sátidé, ti wàhálà ni." Àwọn ìwàásù kan náà dá kún un. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ oríire tó ń bọ̀ títí ènìyàn fi rò pé Ọlọ́run kò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́.

Bí o bá dàgbà díẹ̀, ìwọ yóò rántí I.K. Dairo. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni olórin jùjú wá ṣe nínú ìwé àdúrà. Fara balẹ̀, ọkùnrin náà ṣe ìránṣẹ́ nínú ìjọ Aládùúrà kó tó lọ sinmi ní 1996. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣe ìlù fún un. Àìsí owó kò jẹ́ kó kàwé jìnnà. Ó gẹ irun ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó kiri aṣọ ní Ẹdẹ, ó sì ṣe lébìrà níbi ilé kíkọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ló ń lọ síbi orin. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ní 1963 sì ni Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE.

Oníwàásù tó ń kánjú yóò dúró síbẹ̀, yóò ní kí o ké Halelúyà. Ṣùgbọ́n bí oyè náà kò bá dé ńkọ́? Àwọn tí wọ́n jọ ń lùlù ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn lónìí, ṣé wọ́n fi ayé ṣòfò ni? Rárá o. Ọjọ́ tí wọ́n fi gẹ irun, tí wọ́n sì fi kọrin, ọjọ́ ayé wọn ni, Ọlọ́run sì kà á. Sólómọ́nì lówó débi pé ó kó akọrin lọ́kùnrin lóbìnrin jọ sínú ilé (Oníwàásù 2:8). Síbẹ̀, òun náà ló sọ pé kí ènìyàn rí ayọ̀ nínú làálàá tirẹ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Àwọn akọrin tó kó jọ kò lè bá a ní ayọ̀ yẹn. Pọ́ọ̀lù àti Sílà pẹ̀lú, kí ilẹ̀ tó mì ni wọ́n ti ń kọrin. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé nítorí kí ilẹ̀kùn lè ṣí ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Gbọ́ èyí pẹ̀lú. Nígbà tí Dairo ń kiri aṣọ ní Ẹdẹ, ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn-àjò, òun sì bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ síbi orin. Ọ̀gá dé lójijì, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi kò dá ọ̀gá yẹn lẹ́bi. Télọ̀ tó ń kọrin ìyìn, tó sì gé aṣọ oníbàárà kúrú, orin rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kí o fi orin bo ìyà mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó jẹ ọ́ lówó oṣù mẹ́ta, Jákọ́bù 5:4 ti bá a wí. Fi ọ̀wọ̀ béèrè owó rẹ. Bí kò bá san án, wá iṣẹ́ mìíràn. Pọ́ọ̀lù tó kọrin lóru yẹn náà ló yarí nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pé òun kò ní yọ́ jáde, kí àwọn aláṣẹ wá fúnra wọn mú òun jáde.

Èmi fẹ́ràn orin kúkúrú, ègbè ìlà méjì tàbí mẹ́ta, tí ènìyàn lè kọ nígbà tó bá ń fọ abọ́ tàbí tó bá dúró de danfo ní Ojúẹlẹ́gba. Mú ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Aládùúgbò rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù lè máa ka owó lọ́wọ́.

Àdúrà: Bàbá, mo fi wákàtí iṣẹ́ mi lónìí lé ọ lọ́wọ́, láti ibùdókọ̀ títí n ó fi tún kan ilẹ̀kùn ilé. La ojú mi sí ohun rere tó wà nínú rẹ̀. Rántí ẹni tí a jẹ lówó oṣù láàárín wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.