Èébú Ọjọ́ Òkèbàdàn àti Èébú Ọjọ́ Mìíràn

Ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn lónìí lè pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Òkèbàdàn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bù kún un, wọn kò sì bù kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún náà, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta, àwọn èèyàn a máa kọrin kiri àdúgbò n'Ìbàdàn, wọn a máa fi nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin bú ẹni tí wọ́n bá pàdé, olówó ni o, tálákà ni o. Ìgbà tí Ìbàdàn àkọ́kọ́ tú ni wọ́n ń rántí, tí Lágelú tó tẹ̀ ẹ́ dó àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá gun orí òkè, tí wọ́n ń fi èso òro àti ìgbín gbé ẹ̀mí ró. Abọ́kè, àwòrò òkè náà, a wọ aṣọ obìnrin, a sì máa súre fún ìlú. Àṣà ni pé a kì í dáná lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń mu. Ẹni tí wọ́n bá bú kì í bínú. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ẹnì kan bá tún tún orin yẹn kọ sí aládùúgbò rẹ̀ létí, ìjà dé nìyẹn.

Kí ni ọjọ́ náà ní tí ọjọ́ yòókù kò ní? Àwọn méjì tí a fi ìbéèrè yìí sí lẹ́nu níhìn-ín ni Bàbá Tíṣà, tó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ girama títí tó fi fẹ̀yìn tì, àti Àdùkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, tó ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àdùkẹ́ ti ká orin Òkèbàdàn sílẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú ètò òwúrọ̀ rẹ̀. Ó wá gba ìmọ̀ràn. Bàbá ní kò gbọdọ̀ dán an wò.

“Ẹyin lohùn, Àdùkẹ́. Ohun tó rùn, ó rùn. Ọjọ́ ọdún kò sọ ọ́ di òórùn dídùn.”

“Tótó, ó ṣe bí òwe o, Bàbá.”

“O ó rí òmíràn pa.”

“Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kíláàsì kẹta. Ọmọkùnrin kan wà níjókòó ẹ̀yìn tó ń tiro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu yín lójú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tó rùn ń rùn níbi gbogbo, ẹ̀yin náà bú u nìyẹn.”

Bàbá Tíṣà kò gbà. Ó ní òwe ni òun pa, òun kò pe ẹnikẹ́ni ní amúkùn-ún. Ìyàtọ̀ tó tọ́ka sí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ó yàtọ̀ kí èèyàn dárúkọ èébú, ó sì yàtọ̀ kó jù ú luni. Ilé ẹjọ́ pàápàá kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ìyàtọ̀ náà. Bí ẹnì kan bá pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́ lẹ́nu, òfin ní kí agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sílẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Agbẹjọ́rò tó bá tìtorí ìtìjú kọ ọ́ pé “ó bú oníbàárà mi burúkú burúkú”, tó dúró síbẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe: ó gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pa á lẹ́nu mọ́ pé ọ̀rọ̀ rírùn ló ń sọ. Nílé ìwòsàn ńkọ́? Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu aláìsàn.

“Mo gbà bẹ́ẹ̀,” ni Àdùkẹ́ wí, “àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ pa òwe yẹn, gbogbo kíláàsì ló yíjú sí ọmọ náà.”

“Ojú ló bú u nígbà náà. Òwe kọ́.”

“Ẹni tí wọ́n ń wò kò mọ ìyàtọ̀, Bàbá.”

Ìdáhùn Àdùkẹ́ yìí tẹ̀wọ̀n ju bí ó ti kúrú lọ. Dídárúkọ èébú láìjù ú luni kò sọ pé kò ní bá ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ lè pa òwe náà, kó sì kìlọ̀ fún kíláàsì náà kí wọ́n tó yíjú sí ẹnikẹ́ni. Àìwẹ̀yìn-wò ni ẹ̀bi tó wà níbẹ̀, ẹ̀bi òwe kọ́.

Bàbá Tíṣà wá mú ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó rán Àdùkẹ́ létí ẹjọ́ kan tó wà nínú ìwé ìdájọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1959, èyí tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ òfin ṣì ń kà títí di òní. Ìjà ló dé láàárín àwọn méjì. Ọ̀kan pariwo mọ́ èkejì pé “Olè! Ẹlẹ́wọ̀n!”, ó ní ṣe bí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé ni. Ẹni tí wọ́n bú gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ilẹ̀ yìí pé báyìí làwọn èèyàn ṣe ń búra wọn kí ìjà tó wọ̀ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí òtítọ́. Olùpẹ̀jọ́ náà lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

“Ṣé o rí i?” ni Bàbá wí. “Ká ní ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbi tí mọ̀lẹ́bí ìyàwó ti ń ṣe ìwádìí ọkọ, nǹkan ìbá yí padà. Ìgbóná ọkàn ló gba ẹni tó sọ ọ́ là.”

“Ó gbà á lọ́wọ́ owó gbà-má-bìínú,” ni Àdùkẹ́ dáhùn. “Ilé ẹjọ́ ò sọ pé ohun tó ṣe dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn tó gbọ́ ọ kò gbà á gbọ́. Èmi ò bi yín léèrè bóyá wọ́n gbà á gbọ́. Mo ń bi yín bóyá ó yẹ.”

Òtítọ́ ni. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ ń ṣọ́ orúkọ èèyàn lójú àwọn ẹlòmíràn; kò fi bẹ́ẹ̀ rí sí ohun tí èébú ṣe fún ẹni náà nínú. Nítorí náà, ẹjọ́ 1959 kò tó láti sọ fún wa ìgbà tí èébú tọ́, bó tilẹ̀ fi hàn pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà.

Nígbà tó kan Àdùkẹ́ láti sọ ohun tí òun rò, ó ní èrò ọkàn ni. Àwọn ọ̀rẹ́ a máa pe ara wọn ní wèrè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn a jọ rẹ́rìn-ín, wọn a jọ jẹun. Bí ikùn bá mọ́, ẹnu kò lè dọ̀tí. Ó ní ìyẹn náà ló fà á tí orin Òkèbàdàn kì í fi í bí ẹnikẹ́ni nínú: kò sẹ́ni tó gbèrò ibi.

Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Àwọn èèyàn wa l'Ékòó ń pe àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ní kòbòkóbò. Bí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwàdà ni. Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ọmọ wa wà níbi òde ìkómọ, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ń bá a gbé àga kalẹ̀, òun ń fi Yorùbá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àkátà yìí ṣèèyàn o. Kò gbèrò ibi. Ó tiẹ̀ ń yìn ín ni! Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti wá mọ́?”

“Kò mọ́.”

“Kí ló dé? Ikùn rẹ̀ mọ́.”

Àdùkẹ́ ronú kó tó fèsì. Ìgbà tó fọhùn, ibi tó ti sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, níbẹ̀ sì ni ìjíròrò náà ti rí ohun tó ń wá. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì, ohun tó mú wèrè di àwàdà ni pé ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ lè dá a padà lójú ẹsẹ̀: “Ìwọ gan-an ni wèrè!” Ó sì lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹ lónìí, kí ó sì tán síbẹ̀. Ọ̀gá tó pe dírẹ́bà rẹ̀ ní wèrè lè máa rẹ́rìn-ín tiẹ̀; dírẹ́bà náà lè bá a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, torí owó oṣù. Ṣùgbọ́n kò lè dá a padà. Aládùúgbò tí wọ́n pè ní àkátà kò lè dá a padà, torí wọ́n fi èdè bò ó mọ́ ọn lójú. Èrò ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ òun nìkan ló wà. Àyè tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bà ní láti dáhùn, gbogbo èèyàn ló lè rí i.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Òkèbàdàn, ó bá a mu. Ẹni tí wọ́n kọrin bú lè kọ ọ́ padà, ọlọ́kadà lè bú olówó, olówó lè bú ọlọ́kadà, ọjọ́ kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ń parí. Bàbá Tíṣà fi ohun kan kún un tó pa Àdùkẹ́ lẹ́rìn-ín: ohun tí wọ́n fi ń búni lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tí kò ní in. Kò dà bí ẹsẹ̀ arọ tàbí ojú afọ́jú, tí a yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ láàárín èrò nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń gbà kíákíá. Ó mú Ẹ̀fẹ̀ wá, orin alẹ́ tó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti lọ́dọ̀ àwọn Yewa, tí UNESCO sì kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Níbẹ̀, olórin kan tó gbé ère lérí ló ń kọrin láàárín ọjà. Á júbà àwọn ìyá, á súre, lẹ́yìn náà á wá dojú orin kọ ẹni tó hùwà tí kò tọ́ láàárín ìlú. Ẹni tó ń kọrin sí kò lè kọrin padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.

“Òṣùwọ̀n rẹ ti já síbẹ̀, Àdùkẹ́.”

“Kò tíì já, Bàbá. Ìwà ni Ẹ̀fẹ̀ ń bú. Ẹni tó ń jalè lè ṣíwọ́ olè, kí orin ọdún tó ń bọ̀ fò ó. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà àtidáhùn. Ẹni tó ń tiro ò lè ṣíwọ́ títiro. Ó tún ku ọ̀kan: gbogbo ìlú jókòó ti olórin náà. Bó bá purọ́, wọ́n mọ ilé rẹ̀.”

Bàbá ní ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n ó ti fẹ òṣùwọ̀n náà ju bó ṣe kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Dídá èébú padà nìkan kò tó. Àtiyẹra fún un nípa jíjáwọ́ nínú ìwà náà wà níbẹ̀, ẹ̀rí ìlú náà wà níbẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bú kò di ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ló tú ibi tí Òkèbàdàn ti kù díẹ̀ káàtó síta. Obìnrin tó ti Kánò kó ọjà wọ Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò gbọ́ nípa ọdún rí, kò mọ̀ pé òun lè dáhùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá yí ká lè mọ orin náà dáadáa. Kí ló fẹ́ fi ohùn kan ṣe láàárín ohùn mẹ́wàá? “Bí orin bá wá di ọwọ́,” ni ó wí, “ọdún ti tán, ọ̀ràn ló kù.” Bàbá Tíṣà kò bá a jiyàn lórí èyí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ rédíò tí Àdùkẹ́ bá wá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá 1973, rédíò WBAI ní New York gbé àwàdà George Carlin sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, àwàdà tó dá lé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ lórí rédíò. Ọkùnrin kan tó wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì kọ̀wé fẹjọ́ sun àjọ tó ń ṣàkóso rédíò. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 1978, adájọ́ 5 nínú 9 dá àjọ náà láre. Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé. Wákàtí tí wọ́n gbé e jáde, àwọn ọmọdé tó lè máa gbọ́, àti bí rédíò ṣe ń wọlé tọni láìkànlẹ̀kùn, ni wọ́n wò.

“Ìwọ lo mú òṣùwọ̀n wá,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Ta ló fẹ́ dá a padà fún rédíò?”

“A ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè wọlé, Bàbá.”

“Ẹ ó sì gé e kó tó bú yín dé ìdajì.”

Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà. Ẹni tó wà lójú títì lọ́jọ́ Òkèbàdàn wà nínú ọdún. Ẹni tó ń po ògì fọ́mọ ní Àkúrẹ́ tàbí Òṣogbo ní aago méje àárọ̀ kò sí nínú rẹ̀, rédíò ló gbé e bá a. Wọ́n fẹnu kò pé ìtàn ọdún náà àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn àgbà ni yóò lọ lórí ètò òwúrọ̀. Wọ́n tún fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má gé ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀, kó lè wà lódindi fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí. Àdùkẹ́ ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, tí àwọn sì kọ́kọ́ kìlọ̀ fáwọn olùgbọ́, òun lè gbé díẹ̀ jáde. Bàbá ní rárá, òru kò sọ rédíò di Ọjà'ba. Lórí ìyẹn, wọn kò fẹnu kò.