Ogunléndé àti Ilẹ̀kùn Kejì

Orílẹ̀-èdè kẹta ni àwọn amòfin ń pe ilẹ̀ tí kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń wá ibi ìsádi ti sá wá, tí kì í sì í ṣe ibi tó sá dé. Ìlànà tó ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ kì í ṣe lílé àlejò padà sílé rẹ̀, kì í sì í ṣe gbígbà á sílé. Ẹni náà kan ilẹ̀kùn kan. Kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó lé e wá, wọ́n ti gbé e wọ bàálù kó lọ kan ilẹ̀kùn mìíràn. Yorùbá ń pe irú ẹni yìí ní ogunléndé, ẹni tí ogun lé dé. Orúkọ náà sọ ohun tó lé e, ó sì sọ pé ó ti dé. Kò sọ nǹkan kan nípa ibi tó tún kù kó lọ.

Australia ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ọkọ̀ òkun Norway kan tó ń jẹ́ Tampa fa àwọn ènìyàn tó lé ní 430 yọ nínú ọkọ̀ tó fẹ́ rì, ìjọba Australia sì kọ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté òun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó bá gba ojú omi wá lọ sí erékùṣù Nauru àti erékùṣù Manus ní Papua New Guinea. Wọ́n dá a dúró ní 2008, wọ́n tún gbé e dìde ní 2012. Ní oṣù keje ọdún 2013, wọ́n kéde pé ẹni tó bá gba ojú omi wá láìní físà kò ní fi Australia ṣe ilé, ìbáà jẹ́ ogunléndé tòótọ́. Ní 2016, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Papua New Guinea dájọ́ pé àtìmọ́lé tó wà ní Manus lòdì sí òfin ilẹ̀ náà. Àpẹẹrẹ yìí ni àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ń gbé tiwọn kalẹ̀, wọn kì í sì í pẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Manus.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2022, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kéde àdéhùn pẹ̀lú Rwanda. Priti Patel, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló lọ fọwọ́ sí i ní Kigali. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rọ́bà láti Faransé wá sí etíkun Gẹ̀ẹ́sì lè di èrò bàálù lọ sí Rwanda. Rwanda ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, bó bá sì jàre, Rwanda náà ni yóò máa gbé. Kò sí àbọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù 120 pọ́ùn ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún Rwanda. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni bàálù àkọ́kọ́ yẹ kó gbéra. Ẹjọ́ lórí ẹjọ́ dín àwọn èrò rẹ̀ kù títí ó fi ku ènìyàn méje, ilé ẹjọ́ Yúróòpù fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì dá sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàálù náà kò kúrò nílẹ̀.

Ohun tí ìjọba sọ láti fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fọwọ́ rọ́ tì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó kéré tán ènìyàn 27 rì sínú òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ní 2022, àwọn tó gba ojú omi náà kọjá lé ní 45,000. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó wọn ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn, bí ọkọ̀ bá sì rì, kì í ṣe oníṣòwò ló ń kú. Ìjọba ní bí gbogbo ayé bá mọ̀ pé ẹni tó gúnlẹ̀ kò ní rí ohun tó tìtorí rẹ̀ wá, kò ní sẹ́ni tí yóò sanwó mọ́, òwò náà yóò sì kú fúnra rẹ̀. Ìròrí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí tó gbà pé èrè tàbí òfò tó bá tẹ̀yìn ìwà yọ la fi ń mọ̀ bó ṣe dára tó ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lójú wọn, bí ìpọ́njú ènìyàn ọgọ́rùn-ún bá gba ẹgbẹ̀rún là lọ́wọ́ omi, ìṣirò ti parí.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò ti rántí òwe tó bá èyí mu: ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò ní jẹ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Kigali ti la òkun kọjá ní tirẹ̀. Fífi ránṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ewu tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ṣì wà létíkun Faransé ni wọ́n ń fi í bá sọ̀rọ̀. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1785 pé a kò gbọdọ̀ lo ènìyàn bí irinṣẹ́ lásán fún ète ẹlòmíràn, nítorí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní iyì tí a kò lè fi nǹkan dípò. Lóòótọ́, ìjọba máa ń fi ọ̀daràn ṣe àríkọ́gbọ́n fún àwọn yòókù, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ níyà. Wíwá ibi ìsádi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin àgbáyé, àdéhùn ọdún 1951 lórí ọ̀rọ̀ ogunléndé sì sọ pé kí ìjọba má ṣe fìyà jẹ ẹni tó sá wọlé tààrà láti ibi ewu nítorí pé kò gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ wọlé. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba di gbólóhùn "tààrà" náà mú, wọ́n ní Faransé kì í ṣe ibi ewu. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn kò tíì tán.

Ibi tí ìlànà yìí ti di ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò hàn kedere bí ti òwe àgbọn, ó sì le jù ú lọ. Kí Rwanda tó lè dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ wọkọ̀, ó ní láti jẹ́ ibi tí kò wu ènìyàn lọ. Kí ilé ẹjọ́ tó lè fọwọ́ sí i, ó ní láti jẹ́ ibi tó tura, tó láàbò. Ẹnu kan náà ni ìjọba ń fi sọ méjèèjì: níwájú àwọn olùdìbò, Rwanda jẹ́ ìkìlọ̀, níwájú adájọ́, ó di ilé. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ìtakora kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ikú ń lé kì í ṣa ibi ìsádi, pé ibi tó bá ti lè sùn kó jí tó o, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ nìkan ni yóò kọ Rwanda. Èsì yìí mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ó rò pé ọkàn ènìyàn pín sí yàrá méjì. Ẹni tó sá fún ìbọn ní Sudan lè ní ẹ̀gbọ́n ní Birmingham, ó sì lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìgbọ́ Faransé. Pé ó ní ibi tó fẹ́ dé kò sọ ìbọn di irọ́.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá ojúṣe ṣeé fi rán ẹlòmíràn. Nínú òwò, ó ṣeé ṣe: ẹni tó jẹ gbèsè lè bẹ ọ̀rẹ́ kó bá òun san án, bí owó bá sì ti pé, olówó kò bèèrè ẹni tó mú un wá. Àwọn tó gba ti ìlànà yìí ń wo ààbò bí irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ogunléndé ní ẹ̀tọ́ sí ni ààbò. Kò ní ẹ̀tọ́ sí ààbò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kant fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wọn níhìn-ín, nítorí nínú ìwé tó kọ lórí àlàáfíà ní 1795, ó gbà pé ìlú lè sọ fún àjèjì pé kó máa lọ, bí lílọ náà kò bá ti lè já sí ìparun rẹ̀. Gbogbo ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, abala 33 nínú àdéhùn 1951 sì sọ ọ́ di òfin: kò sí ìjọba tó gbọdọ̀ dá ogunléndé padà, lọ́nàkọnà, sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu. "Lọ́nàkọnà" túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbé e fún ẹlòmíràn tó sì dá a padà kò bọ́ nínú ẹ̀bi. Yorùbá ní àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ, bí a bá dáṣọ fún un, à pa á láró. Ẹni tó bá fẹ́ fi ààbò ránṣẹ́ ní láti tẹ̀ lé e débẹ̀, kó rí i pé ó pé.

Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ti dá ìjọba láre ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́bi ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìdájọ́ ìkẹyìn sì wá ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún náà láti ẹnu Lọ́ọ̀dù Reed àti àwọn adájọ́ mẹ́rin yòókù, gbogbo wọn lóhùn kan. Wọn kò sọ pé fífi ènìyàn ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kẹta burú fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewu gidi wà pé Rwanda lè dá àwọn ènìyàn padà sí ibi tí wọ́n ti sá wá, wọ́n sì gbé e lé ẹ̀rí tí UNHCR, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè fún ọ̀rọ̀ ogunléndé, mú wá nípa bí Rwanda ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ àti bó ṣe ṣe àwọn tí Israẹli ti fi ránṣẹ́ sí i nínú irú àdéhùn kan náà.

Ìjọba Rishi Sunak bá Rwanda tọwọ́ bọ̀wé tuntun ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó sì gbé òfin kan lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí tí ọba fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024. Òfin náà pa á láṣẹ pé kí gbogbo adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba gbà pé Rwanda jẹ́ ilẹ̀ aláàbò, láìwo ẹ̀rí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibí ló yẹ kó ya onímọ̀ ọgbọ́n-orí lẹ́nu jù. Aṣòfin lè sọ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe; bóyá ìlú kan láàbò tàbí kò láàbò jẹ́ ọ̀ràn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bí òjò tó rọ̀ tàbí tí kò rọ̀. Òfin lè pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú pa agbòòrùn dé, aṣọ tó wà lórí okùn yóò ṣì rẹ. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní àdéhùn tuntun ti yí bí nǹkan ṣe rí ní Rwanda padà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ìbá ti tó, kò sì ní pọn dandan láti di adájọ́ lójú.

Àwọn ẹlẹ́sìn kò dákẹ́. Nínú ìwàásù Àjíǹde ọdún 2022, Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Canterbury nígbà náà, sọ pé ìlànà náà kò lè dúró níwájú ìdájọ́ Ọlọ́run, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó nílé àwọn lọ́ọ̀dù sì tún bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní oṣù kẹfà. Àwọn Kristẹni kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba nígbà náà dá wọn lóhùn pé Ìwé Mímọ́ fi ìtọ́jú ìlú lé aláṣẹ lọ́wọ́, kò sì sọ iye àlejò tó gbọ́dọ̀ gbà. Òótọ́ ni pé kò sọ iye. Síbẹ̀, ìwé Diutarónómì kọ̀ kí a fi ẹrú tó sá lé olúwa rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi kún un pé ibi tó bá wu ẹrú náà láàárín ìlú ni kó máa gbé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó sá wá ni Ìwé Mímọ́ fi yíyan ibi ìgbé náà sí.

Ìtàn tó kan ọ̀ràn yìí gbọ̀ngbọ̀n jù wà lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí inúnibíni le ní Mẹ́kà, nǹkan bí ọdún 615, Ànábì Muhammad rán lára àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ sí Habasha, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ethiopia lónìí, tí ọba Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Najashi ń jẹ lórí rẹ̀. Àwọn Kuraisi tó ń ṣàkóso Mẹ́kà rán ikọ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹpẹtẹ pé kí ọba kó wọn fún àwọn. Najashi ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn àlejò òun. Ó gbọ́ ọ, ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé ní àlàáfíà, ó sì dá ẹ̀bùn náà padà. Kùránì náà sọ, nínú ẹsẹ kẹfà Súrà At-Tawbah, pé bí ẹnìkan nínú àwọn ọ̀tá pàápàá bá tọrọ ààbò, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì mú un dé ibi tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹ̀bùn tí Najashi dá padà ló mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Rwanda. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù sọ lòdì sí ìlànà náà ní ẹ̀gàn nínú, bí ẹni pé ìyà tó le jù lọ láyé ni kí ènìyàn bá ara rẹ̀ ní Áfíríkà. Rwanda mọ ohun tí ìsádi jẹ́. Ààrẹ Paul Kagame fúnra rẹ̀ dàgbà bí ogunléndé ní Uganda. Láti 2019 ni ibùdó Gashora sì ti ń gba àwọn tí UNHCR kó jáde nínú àtìmọ́lé Líbíà. Àwọn ti Gashora gbà láti wá, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ sí orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì yọ méjèèjì kúrò nínú tirẹ̀, ó sì fi owó dípò: mílíọ̀nù 290 pọ́ùn ni Rwanda ti gbà nígbà tí gbogbo rẹ̀ dópin.

Ó dópin ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ẹgbẹ́ Labour wọlé tí Keir Starmer tó di olórí ìjọba sì wọ́gi lé e. Mínísítà tuntun fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé sọ pé ó ti ná ìlú ní mílíọ̀nù 700 pọ́ùn. Ènìyàn mẹ́rin péré ló lọ, gbogbo wọn ló sì fínnúfíndọ̀ lọ.

Ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò bá àdéhùn Rwanda lọ. Ítálì kọ́ ibùdó sí Albania, àmọ́ ohun tó wà nínú àdéhùn wọn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Ítálì ni yóò gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì jàre lè wọ Ítálì. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà tí yóò gba àwọn tó fẹ́ lé jáde. Yusuf Tuggar, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè ní Nàìjíríà, sọ ní gbangba ní oṣù keje pé wàhálà tó wà nílé ti tó, Nàìjíríà kò ní gba àwọn ará Venezuela. Ghana gbà láti gba àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Accra ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn agbẹjọ́rò wọn sọ pé àwọn kan nínú wọn ní ìwé ààbò láti ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe dá wọn padà sílé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú lára wọn gba ẹnubodè kọjá sí Togo, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ láìní ìwé lọ́wọ́.